Oúnjẹ dídà, èémí àti ìtọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ báyọ́lọ́jì

Ẹni tó ti ka orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí nínú ìwé báyọ́lọ́jì, àmọ́ tí wọ́n ṣì ń lọ́ pọ̀ mọ́ ọn lórí, la kọ èyí fún. Ohun kan ni kẹ́ ẹ máa fi sọ́kàn bẹ́ ẹ ṣe ń kà á: ara ní ògiri. Nínú ìfun o, nínú ẹ̀dọ̀fóró o, nínú kíndìnrín o, ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà níbẹ̀ tí kò nípọn ju sẹ́ẹ̀lì kan sí méjì lọ. Èwo ló gba ibẹ̀ kọjá, èwo ni kò kọjá? Ìyẹn ni gbogbo ẹjọ́ náà.

Kí ló dé tí wọn kì í ka ìgbẹ́ mọ́ excretion?

Torí pé ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú ìgbẹ́ kò wọ inú ara rí. Ọ̀nà oúnjẹ dà bí ihò gbọọrọ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu tó sì já sí ìdí. Ohun tó bá wà nínú ihò náà, ìta ara ló ṣì wà, àfi tó bá gba ara ògiri ìfun kọjá. Fọ́nrán ewébẹ̀ tẹ́ ẹ jẹ lánàá gba ẹnu wọlé, ó gba ìdí jáde, kò sí sẹ́ẹ̀lì yín kankan tó lò ó. Egestion nìyẹn. Excretion ní tirẹ̀ ń kó ìdọ̀tí tí sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn ṣe níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ dànù: carbon dioxide, urea, pẹ̀lú omi àti iyọ̀ tó bá ti pọ̀ jù.

Ohun kan wà tó máa ń da ọ̀rọ̀ yìí rú díẹ̀, ìyẹn àwọ̀ búráùn tó wà lára ìgbẹ́. Ara sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó ti gbó, tí ara ti tú palẹ̀, ni àwọ̀ náà ti wá. Ẹ̀dọ̀ ló dà á sínú òróòro. Excretion gidi nìyẹn, ìgbẹ́ kàn gbé e dání jáde ni.

Mímí àti respiration, ṣé ọ̀kan náà ni?

Rárá. Iṣẹ́ iṣan ni mímí: ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ó ń tì í jáde. Inú sẹ́ẹ̀lì ni respiration ti ń ṣẹlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tú glúkóòsì palẹ̀ kí agbára inú rẹ̀ lè di ATP, ìyẹn èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ná agbára:

C6H12O6 + 6O2 → 6CO2 + 6H2O + agbára

Sẹ́ẹ̀lì ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín ń ṣe é lọ́wọ́ báyìí, kò sì ní imú. Nítorí náà, ẹ má kọ ọ́ láé pé ẹ̀dọ̀fóró ni ibùdó respiration. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń pààrọ̀ ni.

Kí ni itọ́ ń ṣe sí oúnjẹ?

Ẹ bu búrẹ́dì tí kò ní ṣúgà sẹ́nu, kẹ́ ẹ máa jẹ ẹ́ lẹ́nu fún bí ìṣẹ́jú méjì láìgbé e mì. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ò ní gbọ́ adùn kankan. Tó bá yá, adùn á bẹ̀rẹ̀ sí yọ lórí ahọ́n. Amylase, ẹ́ńsáìmù (èròjà tó ń gé oúnjẹ wẹ́wẹ́) inú itọ́, ló ń gé ẹ̀wọ̀n gígùn sítáàṣì wẹ́wẹ́ di maltose, ṣúgà sì ni maltose. Orísun itọ́ ńlá mẹ́ta ló wà lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì: nítòsí etí, lábẹ́ egungun àgbọ̀n àti lábẹ́ ahọ́n. Lítà 1 sí 1.5 ni wọ́n ń tú jáde lójúmọ́.

Iṣẹ́ amylase yìí kì í pẹ́. Tí òkèlè bá ti dé inú ásíìdì àpòlúkù, ẹ́ńsáìmù náà á bà jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó wà láàárín gbùngbùn òkèlè ṣì lè máa ṣiṣẹ́ lọ fúngbà díẹ̀ kí ásíìdì tó rin ín dénú.

Báwo la ṣe lè fi èyí hàn nínú láàbù, kí ló sì máa ń bà á jẹ́?

Ẹ da sítáàṣì olómi 1% tó tó mílílítà 5 sínú túùbù kan, kẹ́ ẹ da mílílítà 1 amylase sínú òmíràn. Ẹ gbé méjèèjì sínú omi tó gbóná dé 37°C fún ìṣẹ́jú 5 kẹ́ ẹ tó dà wọ́n pọ̀. Ẹ ti kán áyódìn sójú ihò kéékèèké orí táìlì funfun sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti dà wọ́n pọ̀, ẹ tẹ aago. Ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ fa ẹ̀kán kan, kẹ́ ẹ kán an sínú áyódìn tuntun. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ á dúdú bí aró. Nígbà tí áyódìn ò bá yí àwọ̀ padà mọ́, sítáàṣì ti tán nìyẹn. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú amylase tẹ́ ẹ ti sè; ìyẹn á máa dúdú títí tẹ́ ẹ fi máa parí.

Ibi mẹ́ta ló sábà máa ń bà jẹ́ sí. Àwọn kan máa ń da méjèèjì pọ̀ ní tútù, kí wọ́n tó wá gbé e sómi gbígbóná, aago wọn á sì máa ka àkókò tí ẹ́ńsáìmù ò tíì gbóná. Àwọn mìíràn ń da áyódìn sínú túùbù fúnra rẹ̀, èyí tó máa ń dí ẹ́ńsáìmù náà lọ́wọ́. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni fífi pípẹ́ẹ̀tì kan náà fa sítáàṣì àti amylase láìfọ̀ ọ́: àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀ kí aago tó bẹ̀rẹ̀.

Tí ásíìdì àpòlúkù bá le tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò jẹ àpòlúkù fúnra rẹ̀?

Nígbà tí àpòlúkù bá ṣófo, pH inú rẹ̀ máa ń wà láàárín 1.5 sí 2. Ohun tó ń dáàbò bò ó ni omi yíyọ̀ kan tó ki, tí bicarbonate wà nínú rẹ̀, tó tẹ́ sórí ògiri náà. Sẹ́ẹ̀lì ojú ògiri pàápàá kì í pẹ́ níbẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, tuntun á ti rọ́pò wọn. Ọgbọ́n kẹta wà lára pepsin, ẹ́ńsáìmù tó ń gé purotéènì. Kì í jáde pẹ̀lú eyín lẹ́nu. Pepsinogen ló ń jáde, kò sì lè gé nǹkan kan títí ásíìdì á fi sọ ọ́ di pepsin nínú àpò náà. Ká ní inú sẹ́ẹ̀lì ló ti mú ni, sẹ́ẹ̀lì tó ṣe é ni ìbá kọ́kọ́ jẹ.

Tí ìbòrí yẹn bá fẹ́lẹ́ níbì kan, ọgbẹ́ inú dé nìyẹn. Ó pẹ́ táwọn dókítà fi ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru àníyàn àti ata, títí Barry Marshall àti Robin Warren ní Ọsirélíà fi fi hàn nígbà ọdún 1980 síwájú pé bakitéríà tó ń jẹ́ Helicobacter pylori ló wà nídìí púpọ̀ nínú rẹ̀. Marshall fúnra rẹ̀ gbé bakitéríà náà mu lọ́dún 1984, inú rẹ̀ sì wú, ó bẹ̀rẹ̀ sí bì. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2005. Oògùn ìrora bí aspirin náà lè fà á, nítorí ó ń dín omi yíyọ̀ náà kù.

Ṣé ẹ́ńsáìmù ni òróòro?

Kì í ṣe ẹ́ńsáìmù o. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, àpò òróòro kàn ń fi í pa mọ́ ni. Kò gé ọ̀rá. Ó ń tú u sí ẹ̀kán kéékèèké, bí ọṣẹ ṣe ń ṣe sí òróró tó lẹ̀ mọ́ abọ́. Ẹ̀kán kéékèèké ní ojú ara tó pọ̀ ju ẹyọ ńlá kan lọ, ibẹ̀ ni lipase, ẹ́ńsáìmù tó ń gé ọ̀rá, tó ti ara pánkíríásì (ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpòlúkù) wá ti máa rí àyè ṣiṣẹ́. Tí òkúta bá dí ọ̀nà òróòro, ọ̀rá ò ní dà dáadáa. Ìgbẹ́ á funfun, á léfòó sójú omi, awọ ara àti ojú á sì pọ́n bí àwọ̀ yẹ́lò.

Ẹ́ńsáìmù ìfun kékeré pọ̀ jù. Báwo la ṣe máa to wọn?

Ẹ fi ibi tí wọ́n ti wá pín wọn. Láti ara pánkíríásì ni amylase, lipase àti trypsin tó ń gé purotéènì ti ń wá. Trypsin náà ń jáde bíi pepsin, láìtíì mú: trypsinogen ni orúkọ rẹ̀, enterokinase tó wà lára ògiri ìfun ló ń jí i. Tó bá jí ṣáájú àkókò, nínú pánkíríásì gangan, yóò bẹ̀rẹ̀ sí jẹ pánkíríásì náà, àìsàn líle koko sì nìyẹn.

Maltase, sucrase àti lactase, àwọn tó ń gé ṣúgà, yàtọ̀. Wọn kì í léfòó nínú omi ìfun. Ara ògiri ni wọ́n so mọ́, lẹ́nu ọ̀nà ibi tí ṣúgà máa gbà wọlé. Ẹni tí lactase rẹ̀ ti dín kù bó ṣe ń dàgbà, tó bá mu mílíìkì, ṣúgà mílíìkì náà kò ní lè kọjá ògiri. Á ṣàn dé ìfun ńlá, á fa omi mọ́ra, bakitéríà ibẹ̀ á sì sọ ọ́ di gáàsì. Ìdí tí inú fi ń wú tó sì ń ṣí nìyẹn.

Báwo ni oúnjẹ tó ti dà ṣe ń dénú ẹ̀jẹ̀?

Ìfun kékeré gùn tó bíi mítà 6. Inú rẹ̀ ká kò, lórí àwọn ìká náà ni villi (ìyọrí kéékèèké bí ọmọ ìka; ẹyọ kan ni villus) wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ga bíi mílímítà kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, lórí sẹ́ẹ̀lì villi sì ni microvilli, ìyọrí tó tún kéré sí i, wà. Nínú villus kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà méjì ló wà. Glúkóòsì àti amino acid ń gba òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín, wọ́n á wọ hepatic portal vein, òpó ẹ̀jẹ̀ tó lọ sẹ́dọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ lọ jẹ́ ẹ̀dọ̀ níṣẹ́ kí wọ́n tó dé ọkàn. Ọ̀rá kì í bá wọn lọ. Lacteal, òpó lymph tó wà láàárín villus, ló ń gbà, ó ń bá lymph (omi ara tó ní òpó tirẹ̀) rìn, ó di nítòsí ọrùn kó tó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdánwò fẹ́ràn ìbéèrè yìí gan-an.

Ohun kan tún wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀: glúkóòsì kì í dá kọjá ògiri ìfun. Òun àti sodium ló jọ ń wọlé, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Orí èyí ni omi ìwòsàn ìgbẹ́ gbuuru dúró lé. Nínú lítà omi 1, ìlànà àjọ WHO ti ọdún 2002 ní glúkóòsì gíráàmù 13.5, iyọ̀ gíráàmù 2.6, potassium chloride 1.5 àti trisodium citrate 2.9. Ẹni tó bá rò pé ṣúgà púpọ̀ á tètè fún aláìsàn lágbára ń ṣe ìkà láìmọ̀: ṣúgà tó pọ̀ jù á fa omi padà sínú ìfun, ìgbẹ́ gbuuru á sì le sí i.

Kí ló kù fún ìfun ńlá?

Omi. Tá a bá pa èyí tá à ń mu àti èyí tí ara ń tú sínú ọ̀nà oúnjẹ pọ̀, bíi lítà 9 ló ń wọ ìfun kékeré lójúmọ́, tí mílílítà 100 sí 200 péré sì ń bá ìgbẹ́ jáde. Ìfun kékeré ló gba èyí tó pọ̀ jù padà, ìfun ńlá ń parí ìyókù. Bí ìgbẹ́ bá yára kọjá, omi ò ráyè padà. Bó bá pẹ́ jù níbẹ̀, á gbẹ, á sì le.

Afẹ́fẹ́ ló ń fẹ àyà ni, àbí àyà ló ń fa afẹ́fẹ́?

Àyà ló ń kọ́kọ́ fẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró kò ní iṣan tí yóò fi fa ara rẹ̀ gbòòrò. Diaphragm, iṣan tó pín àyà àti ikùn, á súnkì, á tẹ́ pẹrẹsẹ. Iṣan àárín egungun ìhà á gbé egungun náà sókè àti síta. Àyè inú àyà á gbòòrò, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á lọ sílẹ̀ ju ti ìta lọ, afẹ́fẹ́ á wá wọlé fúnra rẹ̀. Nínú ìdáhùn yín, bẹ́ ẹ ṣe máa tò ó nìyẹn, ẹ má fi ìkan ṣáájú ìkan: iṣan, àyè, ìtẹ̀, afẹ́fẹ́. Tí nǹkan mímú bá gún àyà ní àgúnlu, afẹ́fẹ́ ìta á gba ojú ọgbẹ́ wọ àárín àyà àti ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀fóró á sì rún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀bẹ ò kàn án rárá.

Ṣé mímí kíákíá ń fún ara ní ọ́síjìn púpọ̀ sí i?

Ó dọwọ́ bí èémí náà ṣe jìn tó, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Èémí kan nígbà ìsinmi jẹ́ bíi mílílítà 500. Bíi 150 nínú rẹ̀ kì í dé alveoli, àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró. Inú ọ̀nà èémí ló máa ń kù sí, tá á sì tún bá ibẹ̀ jáde. Ẹni tó bá mí lẹ́ẹ̀mejìlá ní ìṣẹ́jú kan:

(500 − 150) × 12 = mílílítà 4,200 ló dé ibi pàṣípààrọ̀.

Ẹni tó bá ń mí wúyẹ́wúyẹ́, mílílítà 250 lẹ́ẹ̀mẹrìnlélógún:

(250 − 150) × 24 = mílílítà 2,400.

Àwọn méjèèjì ló gbé lítà 6 wọlé, àmọ́ èkejì kàn fi díẹ̀ ju ìdajì èkíní lọ níbi tó ṣe pàtàkì.

Ṣé carbon dioxide nìkan là ń mí síta?

Rárá o. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ní ọ́síjìn 21% àti carbon dioxide 0.04%, èyí tó ń jáde ní ọ́síjìn bíi 16% àti carbon dioxide bíi 4%. Náítírójìn ló pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ọ́síjìn 16% yẹn ló jẹ́ kó ṣeé ṣe láti fi ẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ fún ẹni tí kò mí mọ́.

Kí ló ń jẹ́ kó dà bíi pé ká mí tá a bá sé èémí?

Carbon dioxide tó ń pọ̀ sí i ni, kì í ṣe ọ́síjìn tó ń tán. Ọpọlọ ń ṣọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń di ásíìdì. Ibi tí ewu wà nìyí: àwọn kan máa ń mí kíákíá léraléra kí wọ́n tó rì sábẹ́ omi. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ rí ọ́síjìn kún tọwọ́ wọn, carbon dioxide ni wọ́n kàn gbá dànù. Aago ìkìlọ̀ ò ní dún lásìkò, ọ́síjìn á tán lábẹ́ omi, onítọ̀hún á sì dákú láìfura.

ATP mélòó ni ká kọ, 38 àbí 32?

Ìwé àtijọ́ ń kọ 36 tàbí 38. Ìṣirò tòde òní ń sọ 30 sí 32. Ẹ tẹ̀ lé ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ yín. Èyí tí kò yí padà ni pé láìsí ọ́síjìn, 2 péré ni glúkóòsì kan ń mú wá. Nínú iṣan, ohun tó ń kù lẹ́yìn rẹ̀ ni lactic acid. Nínú ìwúkàrà, ọtí àti carbon dioxide ni. Ẹ má sì kọ ọ́ pé lactic acid ló ń mú kí ẹsẹ̀ máa dunni lọ́jọ́ kejì eré sísá. Ara ti palẹ̀ rẹ̀ mọ́ tipẹ́ kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́; okùn iṣan tó já wẹ́wẹ́ ló ń dunni.

Ṣé kíndìnrín ló ń ṣe urea?

Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é. Amino acid tó bá pọ̀ ju ohun tí ara fẹ́ lò kò ní ibi tí a lè kó o pa mọ́ sí. Ẹ̀dọ̀ á yọ apá náítírójìn rẹ̀, á di ammonia tó jẹ́ májèlé, á sì yára fi carbon dioxide sọ ọ́ di urea. Hans Krebs àti Kurt Henseleit ló tú àyípo yìí sílẹ̀ lọ́dún 1932. Iṣẹ́ kíndìnrín ni kó sẹ́ urea náà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀.

Báwo ló ṣe ń sẹ́ ẹ?

Ẹ gba kíndìnrín àgùntàn, kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ mímú là á ní gígùn láti ẹ̀yìn tó yọ síta lọ síbi tó tẹ̀ wọlé. Ìgbátí òde tó pọ́n dúdú ni cortex. Ibẹ̀ ni glomerulus, ìdì òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín, kún. Èyí tó ní ìlà ìlà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni medulla. Ihò funfun tó wà láàárín ni ìtọ̀ ń kán sí kó tó wọ ureter, ihò tó gbé e lọ sínú àpò ìtọ̀.

Kíndìnrín èèyàn kan ní nephron, asẹ́ kéékèèké tó ń ṣe iṣẹ́ náà, bíi mílíọ̀nù 1. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó wọ glomerulus fẹ̀ ju èyí tó jáde lọ, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ há, ó sì ń ti omi àti ohun kéékèèké gba ògiri kọjá: mílílítà 125 ní ìṣẹ́jú kan, lítà 180 lójúmọ́. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àti purotéènì ńlá ò lè kọjá. Tí dókítà bá rí wọn nínú ìtọ̀, ó ṣeé ṣe kí ògiri náà ti ya. Ìtọ̀ tá à ń tọ̀ kò sì ju lítà 1 sí 2 lọ. Ìyókù ti padà sínú ẹ̀jẹ̀: gbogbo glúkóòsì, gbogbo amino acid, àti bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta omi, ní proximal tubule, ìbẹ̀rẹ̀ ihò nephron, nìkan.

Kí ló dé tí ṣúgà fi ń wà nínú ìtọ̀ alátọ̀gbẹ?

Àwọn tó ń gbé glúkóòsì padà níye. Tí glúkóòsì ẹ̀jẹ̀ bá ti kọjá bíi mílígíráàmù 180 nínú mílílítà 100, ọwọ́ wọn á kún, èyí tó ṣẹ́ kù á bá ìtọ̀ lọ, á sì fa omi dání. Ìdí nìyẹn tí onítọ̀hún fi ń tọ̀ léraléra tí òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Kíndìnrín rẹ̀ lè ṣì le koko. Ẹrù ló pọ̀ ju alárùú lọ.

ADH ńkọ́?

Tí omi ara bá lọ sílẹ̀, pituitary, ẹ̀yà kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, á tú họ́mọ́ònù ADH jáde, ògiri collecting duct, òpin ihò tí ìtọ̀ ń gbà, á jẹ́ kí omi kọjá padà, ìtọ̀ á kéré, á sì pọ́n. Ọtí líle ń dí ADH lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí ẹni tó mu ún fi ń tọ̀ ju ohun tó mu lọ.

Ẹ̀rọ dialysis, ṣé ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ kíndìnrín?

Dialysis ni fífi ẹ̀rọ sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́. Willem Kolff ló kọ́kọ́ fi irú ẹ̀rọ yìí tọ́jú aláìsàn ní Netherlands, lọ́dún 1943. Ẹ̀jẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ kan awọ fẹ́lẹ́ tó ní ihò tíntìntín, omi dialysis ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì, àwọn méjèèjì sì ń ṣàn kọjú síra wọn. Ó sábà máa ń gba bíi wákàtí mẹ́rin, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ̀rọ náà kì í ṣe erythropoietin tó ń jẹ́ kí ara ṣe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, kì í sì í jí fítámìn D.

Nínú ìdánwò, ohun tí wọ́n sábà ń béèrè ni ohun tó wà nínú omi náà. Kò sí urea nínú rẹ̀ rárá, kí urea ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn síbẹ̀. Àmọ́ glúkóòsì wà níbẹ̀, iyọ̀ náà sì wà, ní ìwọ̀n tó sún mọ́ ti ẹ̀jẹ̀ onílera. Nephron lè jẹ́ kí glúkóòsì kọjá, kó sì tún lọ mú un padà. Awọ ẹ̀rọ ò lè mú nǹkan kan padà, nítorí náà ohun tí ẹ ò bá fẹ́ kó jáde, ẹ ní láti ti fi irú rẹ̀ sí òdìkejì ògiri kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.